Àjẹkù Ìyá Ràímì

Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Ìbàdàn, n kò tú ẹrù mi. Àpótí onípáànù tí ìyá mi rà fún mi wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá fẹ́ wọ aṣọ, màá fà á yọ níbẹ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, màá ká a padà síbẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Ẹni tó bá yọjú sí yàrá mi a bi mí pé, "Ṣé ò ń lọ ni?" Màá ní rárá o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo ń wí bẹ́ẹ̀ títí ó fi di pé ojú ń tì mí láti máa sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Láti kékeré ni n kì í ti í lè jókòó sójú kan. Ní Kétu tó wà lábẹ́ àwọn Faransé, níbi tí wọ́n bí mi sí, ìyá mi máa ń ní bóyá èèrà ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn sístà Faransé ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí mo parí, mo wo ọjọ́ iwájú mi níbẹ̀, mo rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì sú mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn míṣọ́nnárì ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Mọníyà, lójú ọ̀nà Ìjàyè, wọ́n sì ń wá nọ́ọ̀sì. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira ni mò ń wí yìí, nígbà tí gbogbo ènìyàn gbà pé Ìbàdàn ni ayé ti ń dùn jù. Ìyá mi kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ta ni yóò máa bu oúnjẹ fún ọ níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni.

Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ tí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Faransé lókè òkun máa ń ròyìn yìnyín fún wa. Èmi kò rí yìnyín. Níbi tí mo lọ, iṣu ni wọ́n ń gbìn, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀ mo jẹ́ àjèjì níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó bá wà láàárín yìnyín mọ̀ dájú pé òun kò sí nílé. Èmi a máa gbàgbé. Màá la ẹnu sọ̀rọ̀ bí ọmọ onílé, gbogbo wọ́ọ̀dù á sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ ohun tó wí! Ẹ jẹ́ kó tún un wí!"

"Nọ́ọ̀sì, níbo ni wọ́n ti ń sọ èyí?"

"Kétu."

"Kétu ilẹ̀ Faransé! Ṣé wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀ ni?"

Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni tó dáná ní Ìbàdàn ni Kétu ti ní odi, tó ti ní ọba. Ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ẹ̀rín wọn pàápàá kọ́ ló ń dùn mí. Ìbéèrè kan ni, tí gbogbo aláìsàn máa ń bi gbogbo nọ́ọ̀sì: "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?" Bí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù bá dáhùn, ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹnìkan ti fẹ́yàwó nílé yẹn, oko ẹnìkan ti bá oko wọn pààlà, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi di ìbátan. Bí èmi bá dáhùn, wọ́n á mi orí. Wọ́n á ní, "Ó dáa o, ẹ kú iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Sístà Ẹ̀bùn ló ń darí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi kì í wọ bàtà, aṣọ funfun rẹ̀ a sì máa gbálẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, bàtà rẹ̀ là ń kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn náà kò kéré. Òun ló kọ́ mi ní ìtọ́jú àtọ̀gbẹ lákọ̀tun, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àjàṣẹ́ kò bá ti ibí mu.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. A ó kán ìtọ̀ aláìsàn sínú omi oògùn kan tó ní àwọ̀ búlúù, a ó sì sè é nínú ìgò kékeré lórí fìtílà. Bí ó bá dúró ní búlúù, kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀. Bí ó bá dà bí ewé, ó wà díẹ̀. Bí ó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti kún ara ẹni náà nìyẹn. Àwọ̀ yìí ni dókítà ń wò tó fi ń sọ iye abẹ́rẹ́ ínsúlínì, èyí tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, tí a ó gún. Ṣùgbọ́n omi búlúù náà ní ibi tí òye rẹ̀ mọ. Ó lè sọ pé ṣúgà pọ̀, kò lè sọ pé ó ti wálẹ̀ jù. Ojú wa la fi ń mọ ìyẹn: òógùn tó bo ènìyàn láìsí oòrùn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò bára mu mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun tí ènìyàn lè má jí níbẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, ilé ìdáná ilé ìwòsàn ló ń bu oúnjẹ aláìsàn, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Níbí, kò sí ilé ìdáná. Ilé kálukú ló ń gbé oúnjẹ wá láti abúlé, lórí, nínú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì. Nítorí náà Sístà Ẹ̀bùn ní òfin kan, ó sì kọ́ mi ní òfin náà kí ó tó fi ibi tí ìgò ínsúlínì wà nínú fìríìjì oníkẹrosíìnì hàn mí.

"Abọ́ kọ́kọ́, abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Má gún ẹnikẹ́ni àfi tí o bá fi ojú ara rẹ rí oúnjẹ. Kí wọ́n ṣí i, kí o wò ó. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá wọlé tí kò bá rí oúnjẹ jẹ, ènìyàn náà ló máa jẹ."

Mo di òfin náà mú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ohun kan wà níbẹ̀ tí mo lè ṣe láìṣì.

Tẹlifóònù kan wà ní ọ́fíìsì dókítà. Mo béèrè lọ́jọ́ kan bóyá mo lè fi pe ilé. Akọ̀wé fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ó ní bí mo bá fẹ́ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Faransé tó wà lẹ́yìn odi wa níbí, ohùn mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, kí ó lọ sí Paríìsì, kí ó tó wá padà sí ìtòsí. Ó ní ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ pè? Òótọ́ ni. Kò sí tẹlifóònù nílé ìyá mi. Adìyẹ ló wà níbẹ̀.

Obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Aláṣọ ló di tẹlifóònù mi. Ó máa ń gba Mẹ̀kọ lọ sí Kétu láti ra aṣọ, á sì kó o wá tà ní Mọníyà. Bó bá ń lọ, màá sọ ọ̀rọ̀ mi fún un lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá dé, á jókòó sórí àpótí mi, á yí ohùn padà sí ti ìyá mi, á sì jíṣẹ́.

"Ó ní ṣé o wà dáadáa. Ó ní ewúrẹ́ bí ìbejì. Ó ní ta ló ń bu oúnjẹ fún ọ?"

Kò sí ìgbà tí kò béèrè èyí. Èsì mi kì í sì í yàtọ̀: ẹ sọ fún un pé mò ń jẹun dáadáa. Mò ń jẹun lóòótọ́. Mò ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mò ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, nínú ewé, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Abọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, eruku ló sì wà nínú rẹ̀.

Ìgbà òjò ni wọ́n gbé Ìyá Ràímì wá láti abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè. Kùkùté ló gún un lẹ́sẹ̀ nínú oko iṣu. Ó fi ewé dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé, egbò náà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń rùn, omi inú ìgò wa sì pọ́n kí iná tó ràn án dáadáa. Òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. Dókítà, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣàlàyé fún òun àti Ràímì ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, egbò yìí lè jinná. Ṣùgbọ́n kò ní jinná bí ṣúgà ara yín bá ń lọ sókè sódò. Bí ó bá gun ọrùn ẹsẹ̀, a ó gbé yín lọ sí ìgboro, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà."

"Ẹsẹ̀ wo?" ni Ìyá Ràímì wí. "Ẹsẹ̀ tí mo fi ń lọ oko? Ẹ kúkú sin mí pẹ̀lú rẹ̀."

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mú. Bí ó bá fẹ́ kírun, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ìlà oòrùn, gbogbo wọ́ọ̀dù á sì rọ ohùn wálẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n. Ìyàwó Ràímì, Sífáwù, ló ń gbé oúnjẹ wá láràárọ̀. Á sọ ọ́ kalẹ̀, á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, á kọjá lọ ta gàrí ní Mọníyà, á sì padà wá gba abọ́ bí oòrùn bá ti mú.

Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni wọ́n ní o ti Kétu wá?"

"Èmi ni, mà."

"Ó jìnnà. Kí lo wá ṣe níbí?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó na apá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀sì mìíràn bá mú abẹ́rẹ́ tọ̀ ọ́ wá, á ní, "Ẹ jẹ́ kí ará Kétu ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dùn mí." Mo yọ̀ sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi ránṣẹ́ sílé pàápàá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo. Ìyá Ràímì ń bú ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ fa aṣọ tí a fi di egbò tú, òógùn sì ti rin bùbá rẹ̀ gbindin. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí. Obìnrin kan láti bẹ́ẹ̀dì kejì ti gbé omi, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu.

"Ẹ má dà á!" Sístà Ẹ̀bùn ti wọlé. "Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì. Á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ." Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ké sí mi. "Omi ṣúgà, èyí tí a ń fà sí iṣan! Jésù olùgbàlà, máa bọ̀! Ìwọ, sáré!"

Mo sáré. Dókítà fa omi ṣúgà náà sí iṣan rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lajú, ó wò wá, ó ní kí ló dé tí gbogbo wa ń wo òun bí ẹni tó jalè.

"Ṣé ẹ jẹun láàárọ̀, Ìyá?" ni dókítà bi í.

"Mo jẹ, mo yó, àlùhámúdùlíláhì."

Èmi náà jẹ́rìí. Mo rí abọ́ náà kí n tó gún un. Ó kún.

Nítorí náà dókítà gbà pé abẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù, ó dín in kù. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ tún pọ́n bíi bíríkì. Ó fi kún un. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, a fún un ní ṣúgà mu. Ó dín in kù, ó pọ́n. Ẹ̀yìn ọjọ́ tí Ràímì fúnra rẹ̀ gbé oúnjẹ wá ni pípọ́n náà máa ń burú jù, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Ìyá Ràímì kò fìgbà kan parọ́ fún wa. A bi í pé ṣé ó jẹun, ó ní òun jẹun. Nínú wọ́ọ̀dù wa, kò sẹ́ni tó ń dúró lé àgbàlagbà lórí kí ó máa wò ó lẹ́nu bó ṣe ń jẹun. Sístà Ẹ̀bùn gan-an ló máa ń fa aṣọ ìkélé sí i.

Egbò náà, tí ó ti fẹ́ máa pa ojú dé, tún là. Ó ń gun òkè. Dókítà wò ó, ó sì pe Ràímì síta. Nígbà tí Ràímì wọlé padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní tí ọ̀rọ̀ kò bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ máa gbé ìyá òun lọ sí ìgboro. Ó ní bóyá kí òun kúkú gbé e lọ sílé, kí ó kú sí ibi tí a mọ̀ ọ́n sí. Ìyá náà kọjú sí ògiri, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ náà ni ara mi kò balẹ̀ rárá. N kò lè sùn, n kò lè jókòó. Mo ń rìn yí ilé ìwòsàn ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ìyá Aláṣọ dé ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó jókòó sórí àpótí mi, ó sì jíṣẹ́: "Ó ní tí ibẹ̀ kò bá gbà ọ́, kí o máa bọ̀ nílé. Ó ní kò sí ìtìjú níbẹ̀." Ó ní òun ń padà lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pé àyè kan wà nínú ọkọ̀. Mo ní màá bá a lọ. N kò tilẹ̀ ní ẹrù láti dì. Mo ronú pé ìdí nìyẹn tí n kò fi tú u láti ọjọ́ yìí wá, pé mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mi ò ní dúró. Èrò náà kò fún mi láyọ̀ kankan.

Lọ́jọ́ kejì, Sífáwù gbé oúnjẹ wá bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀kọ. Ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun kò ní padà wá gba abọ́, pé láti ọjà ni òun máa gbà lọ kí ìyá òun tí ara rẹ̀ kò yá. Mo wo abọ́ náà, ó kún. Mo gún abẹ́rẹ́. Mo fa aṣọ ìkélé, mo lọ.

Nígbà tí mo tún ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. Abọ́ tí ó ti dé padà, tí ó ti fi aṣọ dì, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbà, ọmọ mi," ló wí. "Àjẹkù mi rèé. Sífáwù kò ní padà wá lónìí. Láti ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń rí ọ tí o ń jẹun lórí ìdúró bíi ẹṣin."

Ọmọ mi, ló wí. N kò mọ ìgbà tí omi lé sí mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lábẹ́ òrùlé ìyá mi, kò sí ẹni tó rántí mi nídìí abọ́. Mo gba abọ́ náà, mo tú aṣọ, mo ṣí i. Ẹ̀kọ méjì ló wà níbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn. Ẹ̀wà náà wà níbẹ̀, ó fi díẹ̀ ju ìdajì abọ́ lọ. Ẹja tó wà lórí rẹ̀ kò ní ojú ọwọ́ kankan. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó.

"Ìyá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣẹ́ ẹ kù lójoojúmọ́?"

"Báwo ni kí n ṣe é? Ọmọ tó ru oúnjẹ láti Ìjàyè, tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí n jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀ kí n na abọ́ òfìfo sí i? Àwọn ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀ nílé. Láti ìgbà tí mo ti ní ọmọ ni n kò ti jẹ abọ́ mọ́lẹ̀."

"Tó bá jẹ́ Ràímì ló gbé e wá ń kọ́?"

"Ràímì? Baálé ilé ni Ràímì. Ta ló ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún un? Màá jẹ tèmi tán."

Ó yé mi wàyí. Nígbà tí Sífáwù bá wá, abẹ́rẹ́ gbogbo abọ́ wọlé, oúnjẹ díẹ̀ ló bá a. Nígbà tí Ràímì bá wá, lẹ́yìn tí a ti dín abẹ́rẹ́ kù, gbogbo oúnjẹ wọlé. Abẹ́rẹ́ ti àárọ̀ yẹn sì ti wà lára rẹ̀. Mo wo ọwọ́ tó fi na abọ́ sí mi. Ó ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ nísinsìnyí."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mo fún ọ lóúnjẹ, o ní kí n gbà á padà? Ṣé o kọ àjẹkù mi ni?"

"N kò kọ̀ ọ́, mà."

"O kọ̀ ọ́. Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ọ́."

Ó yí orí rẹ̀ sí ògiri. Òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀. Mo lè sáré lọ bu omi ṣúgà, ṣùgbọ́n bí inú ṣe ń bí i yẹn, mo mọ̀ pé ó lè tu ú dànù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣan wíwá. N kò mọ ibi tí ọgbọ́n náà ti wá. Mo bu òkèlè kan, mo jẹ ẹ́. Mo ya díẹ̀ lára ẹja náà, mo jẹ ẹ́. Mo gbé abọ́ náà sí itan rẹ̀ padà.

"Mo ti jẹ àjẹkù yín," ni mo wí. "Èyí tó kù yìí, tèmi ni, mo sì ṣẹ́ ẹ kù fún yín. Bí a ti ń ṣe é ní Kétu nìyẹn. Bí àgbà bá fún ọmọ ní àjẹkù, ọmọ á jẹ díẹ̀, á dá a padà fún àgbà, kí oore náà lè yípo. Bí àgbà kò bá jẹ ẹ́, ọmọ náà kò ní lè dúró nílé yẹn mọ́."

Ó wò mí pẹ́. Ọwọ́ mi tó wà létí abọ́ náà ń gbọ̀n.

"Ní Kétu?"

"Ní Kétu, mà."

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀ ní wàhálà," ló wí. Ó mú ẹ̀kọ, ó ní bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. N kò dìde lórí orúnkún mi títí ó fi jẹ ẹ́ dé ìdí. Mo sì ń wò ó lẹ́nu láìtijú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Sístà Ẹ̀bùn, ó gbá orí ara rẹ̀. "Ìyá tèmi ń ṣe é! Èmi náà ń ṣe é!" Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní gbogbo wa la jẹ àjẹkù dàgbà, kí ló dé tí a kò rò ó. Ó kọ́kọ́ ní kí á sọ fún Ìyá pé kí ó máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní sọ ara òun di ọ̀kánjúwà nítorí egbò. Sístà ní kí Sífáwù máa bu ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀ láti ilé. Ìyá tún kọ̀.

"Èyí tí wọ́n bù sọ́tọ̀ láti ilé kì í ṣe àjẹkù. Oúnjẹ ni. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ẹ kù."

Láti ibẹ̀ la ti rí ọ̀nà. Sífáwù ń gbé abọ́ òfìfo kékeré kan mọ́ oúnjẹ. Ìyá á ṣe bísímílà, á jẹ òkèlè kan péré, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu àjẹkù sínú abọ́ kékeré, á dé e. Ìgbà náà ni èmi yóò tó wo ohun tó kù níwájú rẹ̀. Dókítà ti sọ iye abẹ́rẹ́ tó tó o, màá gún un, ó sì ti gbà pé gbogbo èyí tó kù níwájú òun, òun á jẹ ẹ́ tán. Sístà Ẹ̀bùn sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ìyá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ nínú wọ́ọ̀dù: òkèlè kan, àjẹkù, abẹ́rẹ́, oúnjẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Aláṣọ dé láti mú mi lọ. Mo ní kí ó máa lọ, pé mò ń ṣọ́ egbò kan. Ó wo àpótí, ó wò mí, ó ní kí ni kí òun wí fún ìyá mi? Mo ní kí ó sọ pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń di ìgò mú lórí iná bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Ó ń dà bí ewé, nígbà mìíràn ó ń dúró ní búlúù. Òógùn kò bò ó mọ́. Ọkọ̀ ìgboro kò wá. Egbò náà dẹ́kun gígun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pupa dáadáa, ó ń pa ojú dé láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ìyá Ràímì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn jáde lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Sífáwù di apá kan mú, èmi di ìkejì mú. Sístà ti kọ́ Sífáwù bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ náà, ìgò rẹ̀ yóò sì máa wà nínú àmù omi tútù lábúlé.

Ní ọjọ́ ìsinmi mi kan, mo lọ sí abúlé náà. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń bẹ́ igi ìdáná. Bàtà onírọ́bà ló wọ̀, bí dókítà ti pa á láṣẹ. Ó ké sí àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá wo ọmọ òun. Ọkùnrin arúgbó kan tó jókòó lábẹ́ igi ọ̀sàn bi mí pé, "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?" Kí n tó la ẹnu, Ìyá Ràímì ti dá a lóhùn: "Ilé mi ni."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un. Ó jẹ òkèlè kan, ó bu àjẹkù sínú abọ́ kékeré. Àwọn ọmọ Sífáwù ti ń sún mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n rọra, ti wọn ń bọ̀, ó sì gbé abọ́ náà síwájú mi. Sífáwù gún un lábẹ́rẹ́ lójú mi, ó gún un dáadáa.

Mo jẹ díẹ̀, mo sì fẹ́ dá ìyókù padà fún un.

"Jẹ ẹ́," ló wí. "Kò sí irú àṣà yẹn ní Kétu."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ láyé."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí o ti ń sọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi jẹ ẹ́ nígbà náà, mà?"

Ó jẹun díẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n ju tèmi lọ," ló wí.

Mo jẹ abọ́ náà tán. N kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Kò sẹ́ni tó bá mi wí níbẹ̀, nítorí pé èmi ni ọmọ.

N kò ní sọ pé mo délé tí mo sì tú ẹrù. Àpótí náà wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́ sí i, ẹsẹ̀ mi sì ń yún mi títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Aláṣọ tún ń lọ, tó jókòó sórí àpótí tó ní kí ni kí òun wí, n kò sọ fún un pé mò ń jẹun dáadáa. Mo ní, "Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo jẹ àjẹkù."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Á yé e."